Ta Ló Ka Àwọn Ẹṣin Náà?



Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí a parí ẹ̀kọ́ ìṣirò, ọ̀gá mẹkáníìkì kan tí ó ń kàwé lọ́dọ̀ wa mú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan jáde nínú àpò rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan tí ó wà ní Kánádà ni ó fi wé ẹrù ránṣẹ́ sí i. Àwòrán ohun kan wà nínú ìwé náà tí kò jọ mọ́tò, tí kò sì jọ alùpùpù. Kò ní táyà rárá. Pátákó pẹlẹbẹ méjì wà níwájú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, rọ́bà fífẹ̀ kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n kọ 170 sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí «agbára ẹṣin» tẹ̀ lé e. Ọ̀gá mẹkáníìkì wò mí lójú, ó ní: «Olùkọ́, ẹṣin 170! Ta ló kà wọ́n?»

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá ta ọjà fún wa tí ó ní kilo mẹ́wàá ni, a ó ní kí ó gbé e ka orí òṣùwọ̀n. Kí ló dé tí ẹni tí ó ta ẹ́ńjìnì yóò sọ pé ẹṣin 170 ni, tí a ó sì gbà á gbọ́ láìwọ̀n ọ́n? Mo lọ wá èsì náà kiri. Ohun tí mo rí ni mo kọ síhìn-ín, kí gbogbo yín lè kà á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú àwòrán náà. Ní Kánádà àti ní apá àríwá Amẹ́ríkà, nígbà òtútù, ìrì dídì a máa bọ́ láti ojú ọ̀run. Ó funfun bí òwú. Ó lè mu ènìyàn dé orókún. Ní ibòmíràn, ó lè bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Táyà a máa rì sínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ màlúù ṣe ń rì sínú àbàtà. Ohun tí ó bá fẹ́ rìn lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ìwúwo rẹ̀ má baà gún ojú kan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi pátákó pẹlẹbẹ síwájú, tí wọ́n sì fi rọ́bà fífẹ̀ tí ń yí po sẹ́yìn. Ní Québec, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé, motoneige ni orúkọ rẹ̀. Àwa yóò máa pè é ní alùpùpù ìrì dídì.

Ọkùnrin tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀ ni Joseph-Armand Bombardier. Ìlú Valcourt, ní Québec, ni wọ́n bí i sí ní 1907. Ní ìparí 1922, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó mú ẹ́ńjìnì Ford àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fún un, ó so abẹ̀bẹ̀ ńlá kan mọ́ ọn, ó sì fi sáré lórí ìrì dídì. Ẹ̀rù ba bàbá rẹ̀ nítorí abẹ̀bẹ̀ tí ń yí fìrìfìrì náà, ó sì ní kí ó tú u palẹ̀.

Ọmọ náà dàgbà, ó ṣí ilé ìtún-mọ́tò-ṣe tirẹ̀, ó gbéyàwó, ó bímọ. Nígbà òtútù ọdún 1934, àìsàn inú kọlu ọmọkùnrin rẹ̀ Yvon, ọmọ ọdún méjì. Iṣẹ́ abẹ nìkan ni ó lè gbà á là. Ṣùgbọ́n ìrì dídì ti bo gbogbo ọ̀nà. Mọ́tò kankan kò lè dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ láti fi rìn lórí ìrì dídì wà nínú ilé iṣẹ́, kò tíì parí. Ọmọ náà kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé aláìsàn lọ́nà tí òjò bàjẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Bombardier kò dá iṣẹ́ dúró. Ní 1937, ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí kẹ̀kẹ́ eléyín àti okùn rọ́bà tí ń ti mọ́tò síwájú lórí ìrì dídì. Mọ́tò tí ó fi ṣe gba ènìyàn méje. Wọ́n ń fi irú mọ́tò rẹ̀ gbé aláìsàn, wọ́n ń fi gbé lẹ́tà, wọ́n sì ń fi gbé ọmọ ilé ìwé. Ní 1959, ó gbé èyí tí ó kéré jáde, tí ènìyàn kan tàbí méjì ń jókòó lé bí ẹni gun alùpùpù. Ski-Doo ni ó pè é. Ó kú ní 1964.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn méjì bá ti ní irú ẹ̀rọ kan náà, ẹ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Wọn yóò fẹ́ mọ èyí tí ó yá jù. Oríṣiríṣi ìdíje ni ó ti wà láti ìgbà náà. Èyí tí a ń sọ lónìí rọrùn láti lóye. Alùpùpù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò dúró lórí ìlà kan náà, iná yóò tàn, wọn yóò sì sáré lọ gbọọrọ, láìyà sọ́tùn-ún, láìyà sósì. Ó lè jẹ́ lórí yìnyín adágún tí ó ti dì bí àpáta. Ohun tí yóò yà yín lẹ́nu ni pé wọ́n tún ń sá a lórí koríko, kí ìrì dídì tó bẹ̀rẹ̀ sí bọ́. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pé jọ fún un ní oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún. Ojú ọ̀nà orí koríko náà kò ju nǹkan bí mítà 150 lọ. Kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti parí. Nítorí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn fi ń lo gbogbo òru ọ̀pọ̀ oṣù nínú ilé iṣẹ́ wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sórí ẹṣin wa.

Ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, James Watt, ará Scotland, ń ṣe ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́. Àwọn tí ó fẹ́ ta á fún ń fi ẹṣin yí ọlọ wọn. Ẹṣin ni wọ́n mọ̀, ẹṣin ni wọ́n ń bọ́. Nítorí náà Watt ṣírò iye iṣẹ́ tí ẹṣin ń ṣe, ó sì fi ẹṣin ṣe òṣùwọ̀n ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn tí ń lo kilo àti mítà bíi tiwa fi tiwọn lélẹ̀ báyìí: agbára ẹṣin 1 ni agbára tí ó lè gbé kilo 75 sókè ní mítà 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1.

Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kilo 50. Ẹ mú àpò kan àti ààbọ̀, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ fà á sókè ní mítà kan kí ẹ tó pe «oókan» tán. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa ṣe é lọ láìdúró. Agbára ẹṣin kan péré nìyẹn. Ẹṣin 170 ń kọ́? 170 lọ́nà 75 jẹ́ 12.750. Kilo 12.750 ni, àpò sìmẹ́ǹtì 255, tí a gbé sókè ní mítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ́ńjìnì tí ọkùnrin méjì lè gbé sọ́wọ́ ni ó ń ṣe èyí.

Báwo ni a ṣe ń wọ̀n ọ́n? A kò lè so àpò sìmẹ́ǹtì 255 mọ́ ọn. Omi ni wọ́n ń lò. William Froude, ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe irú òṣùwọ̀n olómi yìí ní 1877, láti fi wọn ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ńláńlá. Lónìí àwọn mẹkáníìkì ń pe òṣùwọ̀n ẹ́ńjìnì ní dáínò.

Ẹ fi ojú inú wo ìkòkò irin kan tí ó ní ìdérí. Àwo irin eléyín kan wà nínú rẹ̀. A tú ohun tí ń gbé bẹ́líìtì kúrò lẹ́nu ọ̀pá kiráńkì ẹ́ńjìnì, a sì so àwo eléyín yìí síbẹ̀. Omi ń wọ inú ìkòkò náà láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí, eyín irin ń gbá omi, omi ń gbá ara ìkòkò, ìkòkò náà sì fẹ́ yí tẹ̀ lé e. A kò ní jẹ́ kí ó yí. A so apá irin kan mọ́ ọn lára, orí apá náà sì tẹ òṣùwọ̀n kan bí òṣùwọ̀n alágbàdo. Bí ẹ́ńjìnì bá ti lágbára tó ni apá náà yóò ti tẹ òṣùwọ̀n tó. Bí a bá fẹ́ kí iṣẹ́ náà le sí i fún ẹ́ńjìnì, a ó tú omi sí i nínú ìkòkò. Gbogbo agbára àwọn ẹṣin náà ń wọ inú omi lọ. Gbígbóná ni omi náà ń jáde.

Ohun méjì péré ni ẹni tí ó ń wọ̀n ọ́n yóò kà: kilo tí ó wà lórí òṣùwọ̀n, àti iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ mú ìwé àti ẹyín kíkọ yín. Ká sọ pé apá irin náà gùn ní mítà 1, òṣùwọ̀n ka kilo 15, ẹ́ńjìnì sì ń yí ní ìgbà 8.000 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Bí orí apá náà bá lè yí po, mítà 6,28 ni yóò rìn ní ìyípo kan. Kilo 15 lọ́nà 6,28 jẹ́ 94,2. Ìgbà 8.000 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ nǹkan bí ìgbà 133,33 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 94,2 lọ́nà 133,33 jẹ́ nǹkan bí 12.560. Ẹ pín in sí ọ̀nà 75, nítorí pé 75 ni ẹṣin kan. Ẹ ó rí 167 àti ààbọ̀.

Ẹ̀yin fúnra yín ti ka àwọn ẹṣin náà nìyẹn. Àwọn mẹkáníìkì ní ọ̀nà kúkúrú: kilo lọ́nà iye ìyípo, kí a pín in sí ọ̀nà 716. Ibi kan náà ni ọ̀nà méjèèjì ń já sí.

Nísinsìnyí ẹ wo ohun tí ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbà. Ká sọ pé a wọn ẹ́ńjìnì kan náà níbi mẹ́ta:

Ìyípo 8.000, kilo 15: ẹṣin 167 àti ààbọ̀.
Ìyípo 8.300, kilo 14,8: ẹṣin 171 àti ààbọ̀.
Ìyípo 8.600, kilo 13,8: nǹkan bí ẹṣin 166.

Kilo pọ̀ jù ní 8.000. Ìyípo pọ̀ jù ní 8.600. Ṣùgbọ́n ẹṣin pọ̀ jù ní àárín wọn, ní 8.300. Etí kò lè gbọ́ ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tí ó ń fetí gbọ́ yóò ní èyí tí ó ń pariwo jù ni ó lágbára jù. Òṣùwọ̀n àti ìwé ìkọ̀wé nìkan ni ó lè sọ òótọ́ rẹ̀. Ẹ fi 8.300 yìí sọ́kàn, a ó tún padà sí i.

Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ alùpùpù ìdíje a máa wọn ẹ́ńjìnì rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ó lè mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ alùpùpù ìrì dídì ni ẹ́ńjìnì wọn jẹ́ irú tí òróró ń bá epo jóná nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun Mobylette mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ní ọ̀kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni ó ń rán lọ ra epo tí a ti po òróró mọ́. Ní ọjọ́ kan, mo ra epo lásán, mo sì fi owó òróró ra gúgúrú. Kò tíì rìn dé ọjà tí ẹ́ńjìnì fi gan pátápátá. N kò ní sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Nínú alùpùpù ìrì dídì òde òní, àgbá òróró wà lọ́tọ̀, ẹ̀rọ kékeré kan sì ń pín in fún ẹ́ńjìnì, nítorí náà kò sí ọmọ tí yóò fi owó rẹ̀ ra gúgúrú.

Báwo wá ni a ṣe lè mú agbára ẹ́ńjìnì pọ̀ sí i? Ẹ́ńjìnì ń jẹ epo, ṣùgbọ́n kò lè jẹ epo láìmí. Bí ẹ bá da epo púpọ̀ sí i láìsí afẹ́fẹ́ tí ó tó, èéfín dúdú ni yóò máa tú. Afẹ́fẹ́ ni ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Ohun tí mo kà nípa afẹ́fẹ́ yà mí lẹ́nu. Ẹ ṣe àpótí kan tí gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1. Nínú ooru wa, nígbà tí ó bá jẹ́ 30 °C, afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú àpótí náà wọ̀n tó gram 1.165. Nínú òtútù Québec, nígbà tí ó bá jẹ́ 20 °C sísàlẹ̀ òdo, àpótí kan náà yóò gba bí gram 1.395. Òtútù a máa ki afẹ́fẹ́ pọ̀. Nítorí náà ẹ́ńjìnì kan náà ń mí ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ níbẹ̀, ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún.

Èyí náà ni ó fà á tí ẹni tí ń wọn ẹ́ńjìnì fi gbọ́dọ̀ kọ bí ooru àti ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ṣe rí lọ́jọ́ náà, kí ó sì fi ìṣirò dá iye rẹ̀ padà sí ọjọ́ kan tí gbogbo ayé ti fi ṣe òdiwọ̀n. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó wọn tirẹ̀ lówùúrọ̀ tútù yóò máa fi ẹni tí ó wọn tirẹ̀ lọ́sàn-án ṣe yẹ̀yẹ́ lásán. Ojú tèmi ni pé púpọ̀ nínú ẹṣin tí àwọn ènìyàn ń fi yangàn, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n a kò lè máa dúró de òtútù. Ní 1905, Alfred Büchi, ará Switzerland, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà mìíràn. Ó ní èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnì ń tú dànù ṣì ní agbára nínú. Kí ló dé tí a kò fi í ṣiṣẹ́? Ohun tí ó ti inú èrò yìí jáde ni túbò. Abẹ̀bẹ̀ kékeré méjì ni, lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín ń fẹ́ àkọ́kọ́, ó ń yí. Èkejì ń bá a yí, ó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, ó sì ń tì í wọ inú ẹ́ńjìnì pẹ̀lú agbára. Ó lè yí ju ìgbà 100.000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ti afẹ́fẹ́ títí tí ìtẹ̀ rẹ̀ fi di ìlọ́po méjì ti ìta, ẹ́ńjìnì kékeré yóò máa mí bí ẹni pé ó tó méjì.

Ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé àwọn tí ń kọ́ alùpùpù ìdíje nínú ilé iṣẹ́ wọn nìkan ni ó ń fi túbò sí irú ẹ́ńjìnì olóròóró yìí. Ní 2020, Ski-Doo fi í sí tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá. Agbára ẹṣin 165 ni wọ́n kọ sí i, wọ́n sì ní kò ní dín kù títí dé orí òkè tí ó ga tó nǹkan bí mítà 2.400, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́.

Ẹ rò pé kí a kàn de túbò mọ́ ọn, kí ó parí? Rárá o. Bí ẹ bá ti ń fi ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí, ẹ mọ̀ pé ìsàlẹ̀ póǹpù a máa gbóná. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ a máa gbóná. Èyí tí ó bá jáde láti inú túbò lè ju 100 °C lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì tún fẹ́lẹ́. Nítorí náà a ní láti mú un gba inú àwọn ihò irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò tù ú kí ó tó wọ ẹ́ńjìnì. A ní láti fi póńpù epo tí ó lágbára jù sí i, nítorí pé afẹ́fẹ́ púpọ̀ ń bèèrè epo púpọ̀. A ní láti fún túbò ní òróró tirẹ̀. A ní láti fi ilẹ̀kùn kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà èéfín, tí yóò máa ṣí fúnra rẹ̀ bí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ bá ti tó, kí èéfín tí ó ṣẹ́kù lè gba ibòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ a sì máa fi àyè díẹ̀ kún orí sìlíńdà, kí písítìn má baà fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ jù.

Ewu ibẹ̀ nìyí. Aluminíọ́mù ni wọ́n fi ṣe písítìn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ọbẹ̀ wa. Ó ń yọ́ ní 660 °C. Iná tí ń jó lórí písítìn náà ju 2.000 °C lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí ó yọ́ ni pé iná náà kì í pẹ́, àti pé epo ń tu ojú ibẹ̀. Bí epo bá dín díẹ̀, tàbí bí afẹ́fẹ́ bá gbóná jù, epo yóò máa bú gbàù fúnra rẹ̀ ní àkókò tí kò tọ́. Ìró rẹ̀ dàbí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, písítìn ti lu. Owó ọ̀pọ̀ oṣù ti jóná nìyẹn.

Nítorí náà, wọn kì í sáré lórí dáínò. Wọn a kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì yá gágá. Wọn a jẹ́ kí túbò ti afẹ́fẹ́ díẹ̀. Wọn a wọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọn a pa á, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn a yọ bùjí, wọn a wò ó: bí ó bá funfun jù, epo kò tó. Wọn a wo bí èéfín ṣe gbóná tó. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tó yí ohun kan padà, ohun kan ṣoṣo, kí wọ́n tó tún wọ̀n ọ́n. Bí ènìyàn bá yí epo àti túbò padà lẹ́ẹ̀kan náà, tí agbára sì dín kù, èwo ni yóò dá lẹ́bi?

Ibí yìí ni mo ti ránṣẹ́ pe ọ̀gá mẹkáníìkì wa, kí ó wá wo àwòrán ìwé ìkọ̀wé tí wọ́n ń lò. Mo ya á sójú pátákó ìkọ̀wé: ìlà kan fún ooru ọjọ́, ìlà kan fún ìtẹ̀ túbò, ìlà kan fún epo, ìlà kan fún ìyípo, ìlà kan fún kilo, ìlà kan fún ooru èéfín. Ó wò ó títí. Ó ní ọdún 20 ni òun ti ń tún alùpùpù ṣe, òun kò kọ nǹkankan sílẹ̀ rí, nítorí pé òun kò mọ̀ ọ́n kọ. Bí alùpùpù kan náà bá padà wá, òun a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ìwé kan ti wà lórí tábìlì rẹ̀, òróró sì ti kún ara rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé yàrá tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Abẹ̀bẹ̀ ńlá gbọ́dọ̀ máa lé èéfín síta. Gáàsì kan wà nínú èéfín ẹ́ńjìnì tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí ó sì ń pa ènìyàn bí ẹni pé ó ń sùn. Gáàsì yìí kan náà ni ó wà nínú èéfín ẹ̀rọ amúnáwá tí àwọn kan ń tàn sínú ilé nígbà tí iná bá lọ. Ìta ni ààyè rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sì í dúró ní ẹ̀gbẹ́ ohun tí ń yí lórí dáínò. Bí ó bá fọ́, ẹ̀gbẹ́ ni irin rẹ̀ ń fò sí.

Nísinsìnyí, ẹ rántí 8.300 wa. Alùpùpù ìrì dídì kò ní jíà tí a ń fi ẹsẹ̀ yí padà. Bẹ́líìtì rọ́bà kan ni ó ń gbé agbára láti iwájú lọ sẹ́yìn. Àwo méjì dojú kọ ara wọn lẹ́nu ẹ́ńjìnì, bẹ́líìtì sì wà láàárín wọn. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí kíkankíkan, àwọn irin kéékèèké kan nínú rẹ̀ ń fẹ̀ síta, wọ́n ń ti àwo náà sún mọ́ ara wọn, bẹ́líìtì sì ń gun òkè. Irú rẹ̀ wà lára àwọn Mobylette kan. Ẹ bi àwọn àgbà tí ó gun èyí tí ó ní variateur. Ìwúwo àwọn irin kéékèèké náà àti líle sípíríǹgì ni ó ń pinnu iye ìyípo tí ẹ́ńjìnì yóò dúró lé nígbà tí a bá tẹ epo dé òpin. Irin tí ó wúwo jù yóò fà á sílẹ̀ sí 8.000. Èyí tí ó fúyẹ́ jù yóò jẹ́ kí ó sá lọ sí 8.600. Ẹni tí kò bá wọn ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó dì í mú, ẹṣin mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò sì sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ lójoojúmọ́ láìmọ̀. Àwọn tí mo kà nípa wọn ń fi fáìlì ha irin wọ̀nyí, gram kan lẹ́yìn gram kan, títí aago yóò fi dúró lórí iye tí dáínò sọ.

Ní ọjọ́ ìdíje orí koríko, ìṣòro mìíràn tún dé. Alùpùpù yìí ń fi ìrì dídì tu ara rẹ̀: rọ́bà ẹ̀yìn ń da á sórí irin tí omi ẹ́ńjìnì ń gbà kọjá. Kò sí ìrì dídì lórí koríko. Nítorí náà wọ́n ń fi omi yìnyín tu ẹ́ńjìnì láàárín eré kan sí èkejì. Okùn kan wà tí a so mọ́ ara ẹni tí ń gùn ún. Orí okùn náà wọ ojú ihò kan lára alùpùpù. Bí ọkùnrin náà bá já bọ́, okùn yóò yọ, ẹ́ńjìnì yóò sì kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí alùpùpù tí kò ní ẹni lórí má baà wọ àárín èrò. Ẹni tí kò bá so okùn yìí, kí ó má dé ìlà.

Ọ̀gá mẹkáníìkì wa ti mú ìwé ìròyìn rẹ̀ padà, ó sì ti lẹ àwòrán náà mọ́ ògiri ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún yín. Iṣẹ́ náà nìyí.

Apá irin dáínò gùn ní mítà 1. Ní ìyípo 7.500, òṣùwọ̀n ka kilo 16. Ní ìyípo 8.100, ó ka kilo 15,2. Ní ìyípo 8.400, ó ka kilo 14,2. Ẹṣin mélòó ni ó wà níbi kọ̀ọ̀kan? Ìyípo wo ni ó yẹ kí bẹ́líìtì di ẹ́ńjìnì náà mú sí? Ẹ kọ gbogbo ìṣirò yín sílẹ̀, kì í ṣe èsì nìkan. A ó yẹ̀ ẹ́ wò ní kíláàsì.